Wáyà Mẹ́jọ Nínú Ògiri Ìyá Àgbà

Bí mo ṣe kúrò nílé kò ní ìtàn nínú. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn tí mo sọ̀ kalẹ̀ tán, pàápàá jù lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan ní ọdún 1998, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìdákẹ́ mi ba ògiri ilé onílé jẹ́, kí ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Tọpẹ́tọpẹ́ ni mo fi ń kọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé ara mi jù. Àwọn tí a jọ gbé yàrá ní yunifásítì máa ń sọ pé tí mo bá fẹ́ ní kí wọ́n bù mí ní iyọ̀, màá kọ́kọ́ sọ bí ọkàn mi ṣe rí nípa iyọ̀. Ẹ fara dà á fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú Lẹ́sítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe òtútù. Gbogbo ènìyàn ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi, mo sì ti di súwẹ́tà mẹ́ta sínú ẹrù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ènìyàn lè jáde nílé láàárọ̀, kí ó kọjá lára ogójì ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má sì kí i. Ní Ìlọ́bù, kí n tó rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, mo ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Tí mo bá fo ẹnìkan, kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn á ti dé etí Màámi pé ọmọ wọn tó lọ yunifásítì kì í kí ènìyàn mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo kí bàbá kan ní ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mò ń kí. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹlòmíràn, ó gbé àpò rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. Kò bú mi, kò sì rojú sí mi. Síbẹ̀ ó dùn mí títí mo fi sùn, mo sì ro ìdí rẹ̀ pẹ́. Mo rò pé ohun tó dùn mí ni pé ní ilé wa, ìkíni ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun wà láyé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn, ó dà bí ẹni pé mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn.

Físíìsì ni mo kà. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbá, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, fún oṣù mẹ́jọ. Níbẹ̀ ni ẹnìkan ti sọ fún mi pé bàbá kan ń wá ẹni tó ní ara kékeré.

Bàbá yìí ni ó di ọ̀gá mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù kí ó tó dá dúró. Nígbà yẹn, àwọn ènìyàn ti ń ra kọ̀ǹpútà kejì àti ẹ̀kẹta sínú ilé kan, wọ́n sì ń fẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà náà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wáyà ni ó ń so wọ́n pọ̀, wáyà náà sì gbọ́dọ̀ gba inú ògiri, abẹ́ pákó ilẹ̀ àti òkè àjà kọjá. Ara ọ̀gá mi kò gba irú ibẹ̀ mọ́.

"Ṣé o ń bẹ̀rù aláǹtakùn?" ni ó bi mí.

"Mo gboyè nínú físíìsì, sà."

"Aláǹtakùn ni mo béèrè."

Mo ní mi ò bẹ̀rù rẹ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti forí jì mí. Ó ní òun yóò fi oṣù mẹ́ta dán mi wò. Tí iṣẹ́ mi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo di òṣìṣẹ́ rẹ̀. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí n padà sídìí ìgbálẹ̀ mi.

Ní ilé àkọ́kọ́ tí a lọ, obìnrin oníbàárà wa ṣílẹ̀kùn. Ó dàgbà ju Màámi lọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kan ilẹ̀. Obìnrin náà wo ilẹ̀, òun náà tẹríba, ó ń wá kiri. "Kí ló jábọ́?" ni ó wí. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀ iṣẹ́ wa, ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ṣé gbogbo yín lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn obìnrin ni, sà. Àwọn ọkùnrin máa ń dọ̀bálẹ̀ ni."

"Kí wọ́n nà gbalaja? Lórí ilẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nínú òjò ńkọ́?"

Mo rò ó. "Tí àgbà náà bá wà nínú òjò, sà."

Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Mo gbìyànjú. Orúkọ náà dé ètè mi, ó padà sínú. Sà ni mò ń pè é títí dòní.

Wáyà tí à ń fà yìí, tí ẹ bá bó ara rẹ̀, ẹ ó bá wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ nínú rẹ̀, tí wọ́n fi méjì méjì lọ́ mọ́ra. Àwọ̀ mẹ́rin ni: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búlúù, àti búráùn bí èèpo kòkó gbígbẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkejì rẹ̀ tó jẹ́ funfun, tó ní ìlà àwọ̀ yẹn lára. Bí a bá ṣe tò wọ́n ní ìdí kan ni a gbọ́dọ̀ ṣe tò wọ́n ní ìdí kejì. Tí méjì bá pààrọ̀ ipò, kọ̀ǹpútà òkè àti ti ìsàlẹ̀ á di odi sí ara wọn. Iṣẹ́ yìí rọrùn fún mi, nítorí òwú ìránṣọ ni Màámi ń tà ní Ìlọ́bù. Láti kékeré ni àwọn télọ̀ ti máa ń rán ègé aṣọ sí wa, tí màá sì wá òwú tó bá a mu gẹ́lẹ́. Tí mo bá ṣì í mú, télọ̀ á wá fi èébú dá òwú náà padà. Èébú télọ̀ ló la ojú mi.

Sátidé kìíní nínú oṣù ni èmi àti Màámi máa ń sọ̀rọ̀, èmi nínú àpótí tẹlifóònù kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí tẹlifóònù ní ilé wa. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ní Ìlọ́bù, wọ́n á gba Ẹ̀rìn kọjá sí Òṣogbo, wọ́n á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gba ìpè. Aago méjìlá ni àdéhùn wa, ṣùgbọ́n láti aago mẹ́wàá ni wọ́n ti máa ń jókòó. Wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá aago òyìnbó máa ń sáré.

"Hẹ̀lóò! Hẹ̀lóò! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà."

"Irọ́ ni."

"Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, mà."

"Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Iṣẹ́ wo ni wọ́n wá fún ẹ o?"

"Wáyà ni mò ń fà, mà. Nínú ilé àwọn ènìyàn."

"Wáyà iná? Háà! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Kì í ṣe ti iná, mà. Ti kọ̀ǹpútà ni. Kò lè pa eèrà. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó wà lókè ilé bá èyí tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Nínú ilé kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló ṣe ẹni tó wà lókè tí kò lè pe ẹni tó wà nísàlẹ̀?"

Mo gbọ́ tí àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Màámi sì yíjú sí wọn, wọ́n ń fi mí yangàn: "Ẹ ò gbọ́ bí? Ọmọ mi ló ń ran àwọn òyìnbó lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa bá ara ilé wọn sọ̀rọ̀. Alhamdulilahi."

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí ní Lẹ́sítà pé níbo ni mo ti wá. Ìbéèrè yẹn kò ṣe àjèjì sí mi rárá, nítorí wọ́n ti ń bi mí nílé kí n tó kúrò. Ọmọ Ìlọ́bù ni bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Ọmọ Ìfọ́n ni Màámi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí mi, a sì lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ ìdílé bàbá mi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣẹ́ yọ, ojú mi ni wọ́n máa ń wò. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ ìdílé Màámi, ojú mi náà ni. Mo tètè kọ́ pé ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ kò lè dun ẹnikẹ́ni. Mo di ọmọ tó dákẹ́, wọ́n sì yìn mí fún un. Wọ́n ní mo ní ẹ̀kọ́. Mo gbàgbọ́ pé ìdákẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń nira fún mi jù. Nísàlẹ̀ ilé tí mo háyà yàrá sí, onílé mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wo fíìmù àtijọ́ lórí tẹlifíṣàn, irú èyí tí àwọn òbí àti ọmọ jọ ń wò, tí orin wà nínú rẹ̀. Mi ò lè wọlé bá wọn, wọn ò pè mí. Màá jókòó sórí àtẹ̀gùn, màá máa gbọ́. Mo lè mọ̀ láti inú orin nìkan ìgbà tí ọmọ inú fíìmù sọnù àti ìgbà tí wọ́n rí i. Orin fíìmù kò nílò ògbufọ̀. Mo ti mọ èyí láti Ìfọ́n.

Nítorí ní Ìfọ́n, ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin ní yàrá kan tí wọ́n ti ń fi fídíò hàn. Bàba Fídíò ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Fíìmù Íńdíà ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, èyí tí mo sì rí jù nínú wọn jẹ́ ti bàbá kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ènìyàn kọjá láàárín ìletò méjì. Àwọn ìletò náà ń jà. Ìyàwó rẹ̀ wà ní etí odò kan, ìyá tó bí i wà ní èkejì. Ó ń tukọ̀, ó ń kọrin. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún iléyá, ará Ìlọ́bù àti ará Ìfọ́n á jókòó sórí ẹní kan, wọ́n á jọ máa sunkún bàbá ọlọ́kọ̀. Màámi ti mọ orin náà sórí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ tí wọ́n bá ń to òwú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn láti fi dípò èyí tí wọn ò gbọ́.

Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti dókítà kan, ọmọ Íńdíà. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Ó fẹ́ kí wáyà lọ láti yàrá ìwé rẹ̀ lókè sí yàrá ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ìyá náà lè máa fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wo àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lókè òkun. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ní ọjọ́ Wẹ́sidé, mo wà nínú àkámọ́ tóóró tí wọ́n ń kó ẹrù sí lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo dojú bolẹ̀, mò ń rọra fa wáyà, nígbà tí mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan láti yàrá ìyá àgbà. Orin bàbá ọlọ́kọ̀ ni. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí Màámi ṣe ń kọ ọ́, mo sì ń fa wáyà sí i bí ẹni ń tukọ̀. Lójijì kásẹ́ẹ̀tì dákẹ́. Orí arúgbó kan yọ sẹ́nu ọ̀nà àkámọ́.

"Ta ló ń kọrin nínú àkámọ́ mi?"

Mo jáde lórí orúnkún. "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Màámi ni, mà."

"Ìyá ẹ gbọ́ èdè wa?"

"Rárá, mà. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá."

Ó ní kí n tún un kọ. Mo kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ohun tí ò ń sọ yìí kì í ṣe èdè kankan láyé," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ohùn orin náà pé." Ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ tó gbọ́. Ó ní bàbá náà ń bi odò léèrè pé èwo ni ti òun nínú etí odò méjèèjì, odò kò sì dá a lóhùn. Gbogbo ìgbà yẹn, Màámi ti máa ń sọ fún wa pé ebi ló ń pa á.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Ìyá àgbà kò wo ilẹ̀ bóyá nǹkan jábọ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sọ gbólóhùn kan ní èdè rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń súre ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó, ẹni àkọ́kọ́ tó gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo padà sínú àkámọ́, mo sunkún díẹ̀, mo sì fi inú súwẹ́tà nu ojú.

Ní Ọjọ́bọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í so ìdí wáyà mọ́ ara ògiri. Ọ̀gá mi ní kí n so ti òkè, kí òun so ti yàrá ìyá àgbà. Mo ti kíyè sí i pé tí ó bá fẹ́ so wáyà, ojú fèrèsé ni ó máa ń gbé e lọ. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn ìyá àgbà ń sinmi lórí ibùsùn, wọ́n ti fa aṣọ fèrèsé, ibi tí wáyà ti yọ sì jìnnà sí fèrèsé. Mo parí ti òkè, mo sọ̀ kalẹ̀ láti di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Dókítà dúró lẹ́yìn wa, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wò.

Mo sì rí i. Ó fi búráùn sí ibi tí ó yẹ kí àwọ̀ ewé wà, ó sì fi àwọ̀ ewé sí ibi búráùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ni mo wí.

"O ṣé."

"Iṣẹ́ yìí mà le o, sà. Ó jọ pé iná yìí kò mọ́lẹ̀ tó."

"Ó tó."

"Ẹ ò ní sinmi díẹ̀, sà, ká tún un wò?"

"Tí a bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, a ó sinmi." Ó fi síkírù de ìdérí ojú wáyà náà mọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ilé wa, tí ọmọdé bá sọ fún àgbà lẹ́ẹ̀mejì pé kí ó sinmi nídìí iṣẹ́ tó ń lọ geere, àgbà náà á dúró, á yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Mo ti pariwo, lójú tèmi. Mo ti sọ ọ́ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ṣe lè sọ ọ́ níwájú oníbàárà. Ó kù sí i lọ́wọ́. Ìyẹn ni mo sọ fún ara mi, mo sì tún sọ fún ara mi pé bóyá iná tọ́ọ̀ṣì ló tan mí jẹ. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ wáyà wò ti bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá mi sì ní kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún wa bí iṣẹ́ wa bá dára.

Kọ̀ǹpútà sọ ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀. Dókítà tan ti òkè, ó tan ti ìsàlẹ̀, wọn ò mọ ara wọn. Ọ̀gá mi tú ti òkè, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Ó ní ó dára. Kò tú ti ìsàlẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló so ó. Ó wá yíjú sí mi.

"Á jẹ́ pé wáyà ti já nínú ògiri. Ṣé o fi agbára fà á?"

"Mo rọra fà á ni, sà."

"Ṣé o fi agbára fà á?"

Dókítà ń wò mí. Ìyàwó rẹ̀ ń wò mí. "Bóyá, sà," ni mo wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pinnu pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a ó la ògiri yàrá ìyá àgbà láti ilẹ̀ dé àjà. Bébà aláwòrán ẹyẹ ló wà lára ògiri náà. Ọkọ ìyá àgbà tó ti kú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ní ọdún tí wọ́n ra ilé. Ìyá àgbà kò jiyàn. Ó kàn béèrè pé, "Ògiri wo?" Nígbà tí wọ́n fi hàn án, ó lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àwọn ẹyẹ náà.

Nínú ọkọ̀, ọ̀gá mi sọ pé, "Láàárọ̀ Mọ́ńdè, a ó tún sọ̀rọ̀ nípa bóyá o lè dúró tì mí."

Ọlọ́run ṣe é, Sátidé kìíní ni ọjọ́ kejì. Mi ò tíì kí Màámi tán tí wọ́n fi mọ̀.

"Kí ló ṣe ohùn ẹ?"

Mo rò ó fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìdí.

"O rí i?"

"Mo rí i, mà."

"O sì dákẹ́?"

"Àgbà ni wọ́n, mà. Oníbàárà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́ débi pé mo rò pé ìlà ti já. "Màámi?"

"Mo wà ńbẹ̀. Mò ń wá ọjọ́ tí mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"Màámi, nígbà tí Bàbá lé Bàba Fídíò jáde nílé wa torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ dákẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo rí yín."

"Àlejò wà níjókòó, mo dákẹ́. Nígbà tí àlejò lọ, kí ni mo ṣe?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò lè mọ̀, ìta lo wà. Mo tẹ̀lé bàbá ẹ wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ títí ó fi tán. Ọjọ́ kejì ńkọ́? Ta ló lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìfọ́n?"

"Bàbá ni, mà."

"Ìdajì lo rí, o wá gbé ìdajì lọ sí ìlú òyìnbó. Mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà. Mi ò kọ́ ẹ pé kó o má sọ ọ́. Ṣé torí pé ọmọ mi ní ẹ̀kọ́ ni opó yóò ṣe pàdánù ògiri ọkọ rẹ̀?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àwọn ènìyàn ń dúró de tẹlifóònù lẹ́yìn mi. Jẹun o."

Mo dúró nínú àpótí tẹlifóònù yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e sílẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń pe ẹ̀rù mi ní ọ̀wọ̀. Ó tì mí lójú. Ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́ pẹ̀lú, mi ò sì mọ bí nǹkan méjèèjì ṣe lè wà nínú ọkàn kan náà.

Ní Mọ́ńdè, mo bá ọ̀gá mi níwájú ilé dókítà, ó ń kó òòlù jáde nínú ọkọ̀. Mo ní mo fẹ́ rí i lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí àwọn ará ilé ò ti lè rí wa. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta tó tutù.

"Dìde, jọ̀ọ́! Àwọn ènìyàn á rò pé mo lù ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n wà báyìí, sà. Tí mo bá dìde, mi ò ní lè sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo mọ iṣẹ́ jù yín lọ, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Wáyà kò já. Ní yàrá ìyá àgbà, àwọ̀ ewé àti búráùn pààrọ̀ ipò, sà."

Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìgbà wo lo rí i?"

"Ọjọ́bọ̀, sà."

"Ọjọ́bọ̀! Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo sọ ọ́, sà. Mo ní kí ẹ sinmi."

Ó wò mí. "Sinmi túmọ̀ sí pé mo ṣe àṣìṣe?"

"Ní Ìlọ́bù, bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn jókòó sórí ìdí ọkọ̀, ó fi òòlù sórí itan. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí ojú ti ń yọ òun lẹ́nu. Ó ní àwọ̀ ewé àti búráùn ti di ọ̀kan náà lójú òun, àfi tí oòrùn bá wà ni òun fi ń méfò. Kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní ta ni yóò pe oníwáyà tí kò mọ àwọ̀ wáyà? Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó ń sọ ọ́. Mo mọ ohùn yẹn, nítorí bí tèmi ṣe ń rí nìyẹn tí mo bá ń bẹ̀rù. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ó ń fi nǹkan pamọ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Mo jókòó tì í. A wà níbẹ̀ títí òtútù fi lé wa wọlé.

Ó fi òòlù sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Nínú yàrá ìyá àgbà, ó gbé ìtúsíkírù lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Mo tú u, mo pààrọ̀ wọn, mo tì í pa. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà kígbe láti òkè pé àwọn kọ̀ǹpútà ti rí ara wọn. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Mo tẹ orí ba. Mo ti ṣètò gbólóhùn kan tí kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo so wáyà sí ibi tí kò yẹ. Òun ló rí i. Ó fà á dáadáa, kò sí ohun tó já."

"Ògiri ńkọ́?"

"A ò ní fọwọ́ kàn án."

Dókítà túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà dìde. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó se tíì oníwàrà tí ata ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ fún àwa méjèèjì, ó sì dúró tì wá títí a fi mu ún tán. Ọ̀gá mi wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Síbẹ̀ ó mu tirẹ̀ gbẹ.

Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ̀sẹ̀ yẹn ju ọ̀sẹ̀ tí mo gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ. Mo ti rò pé láti gbé ní ìlú onílé, màá ní láti fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀ ní ẹnu ibodè. Kò rí bẹ́ẹ̀. N kò tíì kọ́ ọ tán ni, ó sì gba kí n lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí Màámi tó lè fi ìdajì tó kù ránṣẹ́ sí mi láti Òṣogbo. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ dídúró tàbí lílọ. Oṣù mẹ́ta náà pé, ó kọjá, ó kàn ń sọ ibi tí màá ti bá òun ní ọ̀la fún mi ni.

Ní ìparí oṣù yẹn, a wà ní ilé olùkọ́ kan. Obìnrin náà dúró lẹ́yìn wa, ó ń wo gbogbo ohun tí à ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ fún wa ní máàkì. Ọ̀gá mi bó ara wáyà, ó tú wọn sílẹ̀. Fèrèsé wà nítòsí, kò gbé e lọ síbẹ̀. Ó di ọ̀kan mú láàárín ìka méjì, ó nà án sí mi, ó sì fi ohùn tó ròkè béèrè pé, "Àwọ̀ wo nìyí?"

Olùkọ́ náà gbọ́ ọ. Mo wo ojú ọ̀gá mi. Ó ń dúró dè mí, kò sì tijú.

"Àwọ̀ ewé ni, sà."

Ó fi í sí àyè rẹ̀, ó sì mú èyí tó kàn.